Wọ́n Fọ Àwo Yìí Jù

Dassa-Zoumè,
Oṣù Kẹjọ.

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Àlàáfíà la wà níbí, àfi ariwo. Àwọn tó ń lọ jọ́sìn ní ihò Màríà ní Arìgbó ti ya wọ̀lú, àwọn ọlọ́kadà wa ti sọ owó di ọ̀wọ́n, èèyàn ò sì ríbi sọdá títì mọ́.

O ní kí n sọ bí àwo ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo tí mo ti ń retí ṣe rí. Ó ti dé. Àbúrò mi ló bá mi rà á bọ̀ láti Kòtónù. Inú mi ò dùn sí i rárá.

Àkójọ orin àtijọ́ tí wọ́n tún tẹ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé rọ́ọ̀kì Áfíríkà ni, n ò bá wọn jà sí ìyẹn, nítorí bí jìtá Papillon, oníjìtá wọn, bá ti gbóná, ta ní fẹ́ jiyàn? Ohùn rẹ̀ ló bí mi nínú. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe gba àwọn orin yẹn sílẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ àwo Albarika Store náwó sí, wọ́n ń gba Èkó lọ ṣe é ní sítúdíò EMI. Àmọ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, láàárín 1972 sí 1975, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ Nagra kan ni, pẹ̀lú maikirofóònù kan tàbí méjì, gbogbo ẹgbẹ́ á wá rọ̀gbà yí i ká. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn ni ohùn rẹ̀ á ròkè. Nínú àwo àtijọ́ bàbá mi, agogo á máa dún gbangba létí ẹ, olórin á wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, á máa lọgun kí wọ́n lè gbọ́ òun náà. Ibẹ̀ gan-an ladùn wà! Àwọn tó tún un ṣe yìí wá dín agogo kù, wọ́n ki báàsì bọ̀ ọ́, wọ́n nu gbogbo ariwo yàrá kúrò. Ó tẹ́ bí ọbẹ̀ tí ò níyọ̀.

Kò tán síbẹ̀ o. Orin tó gba ojú méjèèjì àwo kékeré, apá kìíní nìkan ni wọ́n fi síbẹ̀. Ibi tí jìtá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọra ni ohùn ti ń rọra lọ sílẹ̀. Mo dìde, mo ṣe bí iná ló lọ.

Orin kan tún wà tí wọ́n gbé lé ìlù òrìṣà Sakpata, tí ẹ̀yin ń pè ní Ọbalúayé. Ìtàn sọ pé láti àwọn òkè wa yìí ni wọ́n ti gbé òrìṣà náà dé Abómè láyé Ọba Agaja. Ìyá mi àgbà gbọ́ orin náà láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ta ló ń fi ìka lu ìlù yẹn?”

Ìwé inú àwo náà ńkọ́? Kò sí. Èyí tó wà nínú àkójọ orin African Scream Contest tí Samy Ben Redjeb kó jọ ní 2008, mo kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Nínú tuntun yìí, wọn ò dárúkọ Mélomé Clément tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti Léopold onílù. Ọmọ tó bá rà á lónìí á rò pé orin náà hù láti inú ilẹ̀ ni.

N ò ní kí wọ́n má tún un tẹ̀ o. Àwo bàbá mi ti há, abẹ́rẹ́ ń fò lórí ẹ̀, kò sì ní pẹ́ dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ gba owó tó tó ti àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ́wọ́ mi, kí wọ́n fún mi lórin náà tán.

Jọ̀ọ́, bí o bá gba ọjà Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn kọjá, bá mi wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àwo àtijọ́. Apá kejì ni mò ń wá o. Má wọ agbádá lọ, kí wọ́n má baà bu owó gọbọi lé e.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni,
Àlàbí