Páálí Lésà, Páànù Bàbá

Ní Abẹ́òkúta, ara páànù ni àwọn ọkùnrin aládìrẹ ti máa ń fọwọ́ gé bátànì. Wọ́n á wá ti ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀ sára aṣọ. Kọ̀ǹpútà làwa fi ń yàwòrán tiwa, lésà á sì gé e lára páálí kíákíá. Bí kò bá wù wá, a ó tún un gé.

Wọ́n ń bi wá pé: ṣé ẹ ò ní gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn bàbá yìí? Ọ̀rọ̀ náà ń ká wa lára. Lésà ò mọ̀ pé bí a ò bá fi okùn tín-ín-rín so àárín òrùka mọ́ etí rẹ̀, á já bọ́. Ọ̀dọ̀ wọn la ti kọ́ ọ. Páálí ò sì lè gba ẹ̀kọ tútù, bẹ́ẹ̀ ni lésà kékeré wa ò ràn páànù. Torí náà, páálí la fi ń dánra wò. Iṣẹ́ gidi, àwọn la ń gbé e fún, a sì ń sanwó.