Ìlẹ̀kẹ̀ Mẹ́fà Tí A Lọ Rà fún Màmá

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ṣègbéyàwó ní Òmù-Àrán nígbà tí okùn ìlẹ̀kẹ̀ Màmá àgbà já. Làntànà ni, òkúta pupa, ìyá tó bí Màmá ló kọ́kọ́ fi í sọ́rùn lọ sílé ọkọ. A ṣà á lábẹ́ àga, a ṣà á lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Nínú mọ́kànlélógójì, mẹ́fà ò padà wá. A fọwọ́ sọ̀yà pé a ó ra mẹ́fà náà. Ṣebí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni wá.

₦24,000 ni a dá jọ. Ní ọjà àkọ́kọ́ tí a dé, ìlẹ̀kẹ̀ ń dán yinrin, ọgbọọgba ni gbogbo wọn. A ra mẹ́fà ní ₦9,000, a tún gba ẹyọ kan ní èènì, a ń yọ̀ pé a mọ ọjà ná. Nígbà tí a délé, Màmá ò tilẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kan lé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, òkúta a máa tutù. Èyí ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.”

Wọ́n ní ká fi abẹ́rẹ́ síná. Abẹ́rẹ́ náà wọlé bí ìgbà tí a gún ẹ̀kọ, òórùn ike sì gba gbogbo yàrá. Kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ nínú wa.

Àwọn tó ń ra dáyámọ́ǹdì lókè òkun ń wo ìwọ̀n, àwọ̀, mímọ́ àti bí wọ́n ṣe gé e. Kárátì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kárátì kan kò ju 0.2 gíráàmù lọ, ìwé ẹ̀rí sì lè bá a wá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá ni ìwé ẹ̀rí tiwa. Ohun tó dùn wá jù ni pé a ti kà nípa làntànà rí: bí Ìlọrin ṣe di ibùdó iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ gbẹ́ òkúta náà, tí wọ́n ń lu ú, tí wọ́n ń fi òkúta mìíràn yọ ọ́ títí yóò fi dán. A mọ̀ pé nígbà kan rí, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ ní Idar-Oberstein ní Jámánì, wọ́n sì ń kó o wá tà nílẹ̀ wa. Gbogbo èyí wà lórí wa, a sì lọ ra ike.

Ká tó lọ sí Ìlọrin, a ya Ẹ̀sìẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1945, ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A ti débẹ̀ rí, ojú àwọn ère òkúta ni a wò nígbà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọrùn ni a ń wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ sí lọ́rùn. Ẹni tó gbẹ́ wọn mọ̀ pé èèyàn pàtàkì kì í jáde lọ́rùn òfìfo.

Ní Ìlọrin, ìyá arúgbó kan da ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ sínú àwo fún wa. Kò sí méjì tó bára mu. A ń gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń kọjá ń rẹ́rìn-ín. A fi abẹ́rẹ́ ha á, kò ha. Ìyá náà ní ká wo ihò: ihò tí a fi ọwọ́ lu láti ìhà méjì kì í sábà gún gérégé, ó máa ń wọ́ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé. ₦5,000 ni ẹyọ kan. Mẹ́ta péré ni owó wa ká.

Nínú mọ́tò, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ọ̀kan nínú wa ní ká fi ike mẹ́ta dí àlàfo, pé ta ló máa mọ̀ nínú fọ́tò? Òmíràn ní Màmá máa mọ̀, ìyàwó náà sì máa mọ̀. Nígbà tí a délé, Màmá gbọ́ ẹjọ́ wa tán, wọ́n ní ká mú òwú wá.

“Ẹ dín okùn kù. Ọrùn ọmọ mi ò tó ti ìyá mi.”

Méjìdínlógójì ni wọ́n sín. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó fún mọ́ ìyàwó lọ́rùn díẹ̀, ó sì ń fọwọ́ kàn án ṣáá. Àwọn ọmọ kéékèèké ilé ti kó ike tó kù, wọ́n ń fi wọ́n ta ayò.