Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ Omi Tó Ń Dún Lóru

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Mo ní kí n sọ ọ́ síta, bóyá á gba ẹlòmíì lọ́wọ́ irú ìtìjú tó bá mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga wọ ilé, èyí tó máa ń tan ara rẹ̀ tó sì máa ń pa ara rẹ̀, ẹ mọ̀ pé tí ẹnikẹ́ni ò bá ṣí tápù, kò yẹ kó dún. Tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lóru. Aago méjì, ó dún. Aago mẹ́ta, ó tún dún. Kádì iná tá a ń lò fún oṣù kan ò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́.

Ìyá Berom kan ló ń gbé yàrá méjì lẹ́yìn ilé mi, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Mi ò bi í léèrè rárá. Mo dúró síta láàárọ̀, mo ní àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ti tápù, mo ní òun ló máa san owó iná. Ó fi Hausa bi mí pé ṣé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò dáhùn. Púlọ́ńbà tí mo pè náà ò tú nǹkan kan tó fi ní kí n lọ ra ẹ̀rọ tuntun.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlọrin, tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, ló là mí lójú lórí fóònù. Ó ní, "Má ra nǹkan kan. Wo géèjì ẹ ná."

Ohun tó ní kí n ṣe rèé. Nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, mo jẹ́ kí ẹ̀rọ fa omi títí tó fi pa ara rẹ̀. 40 psi ni tèmi máa ń kú, 20 ló máa ń tàn. Mo ti fáàfù tó wà láàárín táǹkì kékeré rẹ̀ àti ilé, mo dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ọwọ́ géèjì bá lọ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tàbí inú kànga ni ìyọnu wà. Ó lè jẹ́ fáàfù ìdí páìpù tí kì í jẹ́ kí omi padà ló ti bàjẹ́. Tí kò bá lọ sílẹ̀, inú ilé lomi ń gbà lọ. Tèmi ò mì.

Mo ṣí i padà, mo wá ti ti yàrá ìyá yẹn nìkan. Ọwọ́ géèjì ń lọ sílẹ̀. Ojú ti ń tì mí. Mo ṣí tiẹ̀, mo ti tèmi. Ó dúró gbọn-in.

Gbogbo tápù mi gbẹ. Mo da búlúù tá a fi ń fọ aṣọ sínú táǹkì ṣálángá inú ilé mi, mi ò fọn ọ́n. Nígbà tó yá, omi inú àwo ti di búlúù. Rọ́bà ìsàlẹ̀ táǹkì ló ti jẹ, omi ń yọ́ lọ láìdún. Owó rọ́bà náà ò tó nǹkan.

Ẹ má sì ṣe ṣì í mú o: tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ ṣí tápù ló ń tàn tó ń kú ní kíákíá, afẹ́fẹ́ inú táǹkì kékeré ẹ̀rọ ló sábà máa ń tán. Ẹ pa iná, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, kí fọkanáísà fún un ní afẹ́fẹ́ tó fi 2 psi dín sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń tàn. Tèmi jẹ́ 18.

Ilẹ̀ mọ́, èmi àtìyàwó mi lọ bẹ ìyá náà. Ó ti ń wá ilé mìíràn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ kankan kí n tó dá a, bẹ́ẹ̀ àwa tá a jẹ́ àlejò nílùú yìí mọ bó ṣe ń dunni tí wọ́n bá dá wa lẹ́bi láìwádìí.

Ó ní ó ti tán, kò sì kó lọ mọ́. Àmọ́ títí dòní, tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá rí mi nídìí tápù, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń tì í. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Ẹ wo géèjì yín kẹ́ ẹ tó bínú o. Ire o.