Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kọ Ẹ̀pà

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, báwo la ṣe ń kọ́ ọmọ láti kọ oúnjẹ tí àgbà fún un? Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa ni pé kí ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kó sì dúpẹ́. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà, ìgbọràn yẹn lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ̀pà, ẹyin, wàrà, ẹja, edé: ohun tó ń fún ọmọ ẹlòmíràn lókun, ara ọmọ yìí kà á sí ọ̀tá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ètè lè wú, ọmọ lè máa bì, kí èémí sì ṣòro fún un. Ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ro ti kúlíkúlí nìkan. Ó ń ro ata tí wọ́n fi kun súyà, edé lílọ̀ inú ẹ̀fọ́, àti ṣíbí tí wọ́n fi bu ọbẹ̀ kan tí wọ́n tún fi bu òmíràn. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àwa bàbá: mélòó nínú wa ló mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ìyá ọmọ ò bá sí nílé?

Láyé àtijọ́, inú ilé la ti sábà ń se oúnjẹ, a sì mọ ohun tó wọ inú ìkòkò. Eèwọ̀ ìdílé wà, kò sì sí ẹni tó ń fi tipátipá bọ́ àlejò ní eèwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jẹun tán tó kú lójijì, ta la máa ń fura sí? Orogún ìyá rẹ̀, tàbí aládùúgbò tó bu oúnjẹ fún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aláìṣẹ̀ la dá lẹ́bi.

Lónìí a mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí a ṣì ń sọ pé, “Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, á mọ́ ọn lára”? Ìfẹ́ ló ń mú wa sọ ọ́. Òótọ́ sì ni pé ìwádìí tí wọ́n ṣe ní London, tó jáde ní 2015, fi hàn pé fífún ìkókó ní oúnjẹ ẹ̀pà láti bí oṣù 4 sí 11 ń dín ewu pé ara rẹ̀ á kọ ẹ̀pà kù gan-an. Àmọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ dókítà ni, kì í ṣe ohun tí à ń dán wò nílé.

Ní 2016, Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún 15, kú lẹ́yìn tó jẹ búrẹ́dì tó rà ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní London. Yànmọtí, tí ara ọmọ náà kọ̀, wà nínú búrẹ́dì yẹn, wọn ò sì kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀. Àwọn òbí ọmọ náà jà títí òfin kíkọ èròjà sára oúnjẹ fi yí padà ní 2021. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ nǹkan sára kúlà mọ́ínmọ́ín lóde ìnáwó wa? Ẹnu ẹni tó sè é àti ẹnu ọmọ nìkan la ní.

Ọ̀dọ̀ wa sì ni ẹnu ọmọ ti ń kọ́ ọ̀rọ̀. Bí a bá ń tijú láti béèrè ohun tó wà nínú ọbẹ̀ olùgbàlejò, òun náà á tijú. Bí gbogbo àwo bá ń dẹ́rù bà wá, á máa bẹ̀rù ayé. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu wa bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Ẹ ṣeun, mà. Ara mi kì í gba ẹ̀pà. Ṣé ó wà níbẹ̀?” Bí dókítà bá ti fún un ní abẹ́rẹ́ adrenaline fún pàjáwìrì, kí gbogbo ilé mọ ibi tó wà, kí wọ́n mọ̀ pé itan ni wọ́n ń gún un sí, àti pé ilé ìwòsàn ló kàn, kódà bí ara bá ti balẹ̀.

Àwa tí ọmọ wa ń jẹ gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Ká bi ìyá ọmọ ká tó fún un ní bísíkíìtì. Ká kọ́ ọmọ tiwa pé a kì í fi oúnjẹ ṣe ọ̀rẹ́ ẹni ní yẹ̀yẹ́. Ẹrù yìí wúwo jù fún ìdílé kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí ìyá kan bá lè fi ọmọ rẹ̀ sílé wa, kó sì lọ sọ́jà láìfòyà, a ti bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà.