Àpótí Ẹja Tí Mo Fọ̀

Bàbá mi ń ta ẹrù tòkunbọ̀ tí wọ́n ń já sílẹ̀ ní Wáàfù Àpápá. Ní oṣù Kọkànlá tó kọjá, ó gbé àpótí gíláàsì ńlá kan wá sí ojúlé wa ní Ìjọra Bádíà, irú èyí tí àwọn olówó máa ń sin ẹja òkun sí nínú pálọ̀. Oníbàárà kan ti ṣèlérí láti rà á ní ọjọ́ Sátidé bí ó bá mọ́ tónítóní. Bàbá ní ibẹ̀ ni owó ìdánwò WAEC mi yóò ti jáde.

Algae ti bo gíláàsì náà, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, bí irú èyí tó máa ń hù nínú kẹ́ẹ̀gì omi tí oòrùn bá ń pa. Lábẹ́ rẹ̀ ni òmíràn wà, aláwọ̀ bí osùn tó ti ṣá, tó le bí òkúta. Mo fi omi àti bílíìṣì rẹ ẹ́ mọ́jú. Aláwọ̀ ewé ṣí kúrò, ṣùgbọ́n èyí tó le kàn funfun ni, kò mira. Inú bí mi. Mo mú kànrìnkàn onírin, mo sì ń ha á kíkankíkan. Nígbà tí mo nu omi kúrò, ìlà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ti kún ara gíláàsì. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo yí ẹ̀gbẹ́ náà sí ògiri kí Bàbá má baà rí i.

Mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kẹ́mísírì wa. Wọ́n ní algae ni èyí tó le náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìkarahun ìgbín, kábónéètì kálísíọ́ọ̀mù, ló fi kọ́ ara rẹ̀. Bílíìṣì lè pa á, kò lè yọ́ ọ. Fínígà ló lè yọ́ ọ. Wọ́n kìlọ̀ pé fínígà kò gbọdọ̀ kan bílíìṣì láé, torí èéfín wọn ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Mo ra kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà lọ́wọ́ mẹ́rúwà, mo ṣan àpótí náà dáadáa, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo wá tẹ́ aṣọ tí mo rẹ sínú fínígà lé e. Ó ń hó ṣìnṣìn. Nígbà tó yá, mo fi etí káàdì ike kan tì í, ó sì ń ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo yí àpótí náà padà, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí mo ṣe."

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Àwọn fúnra wọn ló fi ìlà náà han oníbàárà, ó sì yọ nínú owó. Owó àjọ Màmá ni wọ́n fi dí i.

Láti SS2 ni mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ásíìdì ń yọ́ kábónéètì. N kò mọ̀ pé owó ìdánwò mi wà nínú gbólóhùn yẹn.