Agbẹjọ́ Ẹnìkan Dá

Iná ẹ̀yìn síkírìnì náà tàn, ṣùgbọ́n kò sí àwòrán kankan lójú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí n dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti ṣàlàyé iṣẹ́ àṣekágbá mi. Owó tí màmá mi fi pamọ́ fún nǹkan mìíràn ni mo sì fi ra síkírìnì ọ̀hún.

Mo gbé e padà lọ bá bọ̀dá tó tà á fún mi. Mo ní ọjà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n gbé fún mi. Wọ́n ní, "Àbúrò, ojú ẹ náà ni mo ṣe dán an wò kí o tó gbé e lọ. Lọ tún iṣẹ́ tìẹ wò dáadáa." Inú bí mi. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ tí a kọ́ sọ sí wọn níwájú àwọn oníbàárà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí. Ọ̀nà MIPI DSI ni board mi ń gbà fi àwòrán ránṣẹ́, LVDS nìkan sì ni síkírìnì náà gbọ́. Mo wá fi SN65DSI83 sáàárín wọn, ẹ̀rọ tín-ín-rín tó ń ṣe ògbufọ̀, èyí tí a ń pè ní bridge. Driver rẹ̀ nínú Linux ló ń sọ fún board bí yóò ṣe máa fi àwòrán ránṣẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà. Nínú command mode, ìgbà tí nǹkan bá yí padà nìkan ni board nílò láti fi àwòrán ránṣẹ́, torí pé síkírìnì ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀. Nínú video mode, kò sí ìpamọ́ kankan: board gbọ́dọ̀ máa rán odindi àwòrán léraléra, ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bí síkírìnì bá jẹ́ ti 60 Hz.

Ní òru ọjọ́ kejì, mo rántí test pattern. Bridge náà lè fúnra rẹ̀ ya ìlà aláràbarà sórí síkírìnì láìgba àwòrán lọ́wọ́ board. Mo tàn án. Àwọn ìlà náà jáde, wọ́n mọ́ kedere. Àṣé síkírìnì kò jẹ̀bi, wáyà náà kò sì jẹ̀bi.

Mo ṣí driver mi. Mo ti da àwọn ìlà kan kọ látinú driver síkírìnì fóònù tó ń lo command mode, MIPI_DSI_MODE_VIDEO kò sì sí nínú mode_flags mi. Bí kò bá sí níbẹ̀, command mode ni board yóò kà á sí. Bridge ń retí ìlà àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò rán. Mo fi í kún un, mo sì fi MIPI_DSI_MODE_VIDEO_BURST tì í, kí board lè yára rán ìlà kọ̀ọ̀kan kó sì sinmi kí òmíràn tó kàn. Mo tún un kọ́, mo tan board. Àwòrán dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ dọ̀bálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bọ̀dá náà, níwájú àwọn oníbàárà, torí pé níwájú oníbàárà ni mo ti rí wọn fín. "Ẹ dákun, sà, ẹ má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé ọ̀kan ń dúró kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀, èkejì rò pé òun ti sọ̀rọ̀ tán."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi níwájú àwọn olùkọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ tan test pattern kí ẹ tó di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.