Ìrókò ló rán mi lọ sí yunifásítì

Látìgbà tí mo ti gbé fídíò ilẹ̀kùn yẹn síta, ìbéèrè kan náà ló kún DM mi: "Ṣé ìrókò tiẹ̀ tó owó tí wọ́n ń pè é?" Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ẹ fi pamọ́ tí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

1. Ọmọ káfíńtà ni mí. Owó ilẹ̀kùn ìrókò ni bàbá mi fi san school fees mi fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí mo gba dìgírì tán, àwọn ẹbí ní kí n wá iṣẹ́ ọ́fíìsì. Èmi gbé fóònù, mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo ń ya igi ní fídíò. Wọ́n ṣì ń bínú.

2. Kí ló mú kí ìrókò wọ́n? Àkọ́kọ́, ikán kì í fẹ́ ẹ. Ohun tó wà nínú igi náà fúnra rẹ̀ ló ń lé ikán, tí kì í sì í jẹ́ kó tètè jẹrà nínú òjò. Ìkejì, kì í fẹ̀ kó tún súnkì púpọ̀. Ẹ mọ ilẹ̀kùn tó jẹ́ pé tójò bá ti dé, èjìká lẹ máa fi tì í? Ìrókò tó gbẹ dáadáa kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó fún ilẹ̀kùn, fèrèsé, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí kan ọkọ̀ ojú omi.

3. Ó wúwo. Kúbíìkì mítà kan ìrókò gbígbẹ tó bí kílò 650. Ti arère ò ju bí 380 lọ. Nítorí náà, tẹ́nì kan bá ta "ìrókò" fún yín tẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ kan gbé e bí ike, ẹ rora.

4. Àwọ̀ rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, ó máa ń pọ́n bíi yẹ́lò. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń kàn án, á máa dúdú lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi di búráùn. Àwọn kan máa ń kun igi mìíràn kó lè jọ ọ́. Ẹ yí i, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ níbi tí wọn ò kùn.

5. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ pákó. Ara funfun tó sún mọ́ èèpo kì í lágbára bíi ti inú. Ikán lè jẹ ìyẹn. Pákó tí funfun rẹ̀ pọ̀, ẹ má san owó ìrókò gidi lé e lórí.

6. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ tábìlì láàbù ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi ìrókò ṣe. Wọ́n ń tú wọn tà báyìí, àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe tábìlì ilé ìdáná. Orúkọ tí wọ́n sì ń pè é lọ́hùn-ún náà ni "iroko". Èdè wa lẹnu wọn!

7. Ibi tó ń dùn mí rèé. Eruku ìrókò kò dára fún imú, ojú, àti awọ ara. Bàbá mi fi ọ̀pọ̀ ọdún rẹ́ ẹ láìbo imú. Àwọn àgbà ní ọjọ́ tí a bá bú ìrókò kọ́ ló ń jà. Òótọ́ ni. Báyìí, tí wọ́n bá rẹ́ ẹ lọ́sàn-án, wọ́n á wúkọ́ mọ́jú. Igi tó rán mi níwèé ló ń bá wọn jà. Mo ti wá ṣòfin: tí wọn ò bá lo ìbòmú, mi ò ní ya fídíò. Wọ́n ní mo ti di ọ̀gá wọn.

8. Ìrókò náà ń tán lọ. "Ṣebí kí wọ́n gbìn ín?" Kò rọrùn. Kòkòrò kékeré kan wà tó ń jẹ́ Phytolyma, tó máa ń mú kí ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ wú, kó sì kú nígbà tó bá ṣì kéré. Àwa là ń pòwe pé àtikékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àfi bíi pé kòkòrò yìí gbọ́. Torí náà, èyí tí wọ́n ń gé nísinsìnyí, ti àwọn baba ńlá wa ni. Pákó tí wọ́n ń kó wá fún bàbá mi ń tín-ín-rín sí i, funfun rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

9. Ìdáhùn mi nìyí: tó bá jẹ́ ìrókò gidi, ó tó owó rẹ̀. Àmọ́ igi yẹn nìkan kọ́ lẹ̀ ń san owó fún. Ọgọ́rùn-ún ọdún wà nínú rẹ̀, imú káfíńtà kan náà sì wà níbẹ̀. Torí náà, tí wọ́n bá fẹ́ wó ilé bàbá yín àgbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ilẹ̀kùn àtijọ́ yẹn dáná. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bàbá mi á wò ó.